Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ẹ̀kọ́ Awakọ̀ Òfurufú?

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí mo fẹ́ kí a jọ rò pọ̀ ní oṣù yìí. Ó lè kọ́kọ́ dàbí ọ̀rọ̀ tí kò kan ìjọ, nítorí pé àwọn tí ń wọ ọkọ̀ òfurufú láàrin wa kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá mi dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ olúkúlùkù wa ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, bàbá kan nínú ìjọ wa tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Olùkọ́ ni bàbá yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. Ọmọ náà ti parí ẹ̀kọ́ girama. Orí rẹ̀ pé, ìwà rẹ̀ sì tutù. Wọ́n mú ìwé kan dání tí wọ́n rí gbà láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní òkè òkun, níbi tí a gbé ń kọ́ni láti wa ọkọ̀ òfurufú. Iye tí a kọ sínú ìwé náà jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, èyíinì ni 100,000. Bàbá náà fẹ́ ta ilé kan ṣoṣo tí ó ní, kí ó sì lọ yá èyí tí ó kù. Ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí dára níwájú Ọlọ́run, àbí ìwọra ni?"

Mo dá a lóhùn kíákíá, bí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo. Mo ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́." Ọmọ náà wo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ.

Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo rántí bí èmi pàápàá ti ṣe kọ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kò sì ní agbára láti rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ mi. Àwọn obìnrin tí ń ta ẹ̀fọ́ àti gaàrí nínú ìjọ wa ni wọ́n dá owó náà díẹ̀ díẹ̀, àdéhùn tí wọ́n sì bá mi ṣe ni pé n óò padà wá sìn ní ibi tí a bá rán mi sí. Bí ẹnì kan bá ti pa òwe eku àti ìtẹ́ fún bàbá mi ní ọjọ́ náà, tí àwọn ènìyàn sì gbà á gbọ́, n kì bá tí di ẹni tí ń wàásù fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé gun ẹṣin ṣe lè sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú? Nítorí èyí ni mo ṣe tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí owó náà ń ṣe. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa fi wíwa ọkọ̀ òfurufú jẹun gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18, ó sì gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 200 ó kéré tán, tàbí 150 bí ó bá jẹ́ pé inú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ìjọba fi ọwọ́ sí ni ó ti gba ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyí epo ń jó. Ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ní iye wákàtí tí a yàn fún un. Nígbà tí ó bá pé, a óò tú u palẹ̀, a óò sì tún un tò, ìbáà ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Olùkọ́ ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. A ní láti san owó adójútòfò, àti owó pápá tí ọkọ̀ ń bà lé. Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí a ti ń fò nínú ìkùukùu láì rí ilẹ̀ tàbí ọ̀run, tí ó jẹ́ pé ohun tí ẹ̀rọ bá fi hàn nìkan ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí ó bá sì gba ìwé àṣẹ tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Nítorí pé irú ọkọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan, bíi Boeing 737 tàbí Airbus A320, ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú sì ń jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ láì ní ẹ̀kọ́ ìkẹyìn yìí dàbí ẹni tí ó ra abẹ́rẹ́ tí kò rí òwú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ lè tó ọ̀kẹ́ márùn-ún pọ́n-ùn tàbí dọ́là. Èyí wúwo fún àwọn tí owó náà jẹ́ owó ilẹ̀ wọn. Kí ni kí àwa wí? Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí 460 náírà ni ìjọba fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ dọ́là kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Ẹ̀kọ́ kan náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 46 náírà, wá di mílíọ̀nù 150, láì jẹ́ pé ẹnì kan fi kọ́bọ̀ kún un ní òkè òkun. Ní ọdún 2024 kan náà, òfin sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò sì wọ aṣọ, yóò ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún 178 kí owó náà tó pé. Àní ní Zaria, níbi tí ìjọba wa dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfurufú sílẹ̀ sí ní ọdún 1964, láti òkè òkun ni ọkọ̀ àti ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ni owó ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ̀kọ́ kan wọ́n tó báyìí? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bá gé igi ní àgéjù, igi ni ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wa ọkọ̀ òfurufú di ẹ̀mí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mú, wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò rí ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a dín wákàtí ẹ̀kọ́ kù kí owó lè dín kù, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó ń bù ta. Nítorí náà n kò bá iye owó náà jà. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, èjìká ta ni ó yẹ kí ẹrù náà wà?

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, ọkọ̀ òfurufú kan já lulẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 50 ni ó kú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó wà nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí sọ pé ohun tí ó fa jàm̀bá náà ni pé, nígbà tí ẹ̀rọ kìlọ̀ fún ọ̀gá awakọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ pàdánù agbára àtifò, kò ṣe ohun tí ó tọ́. Nínú ìwádìí yẹn kan náà ni a ti gbọ́ pé igbákejì rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré púpọ̀, ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ nítòsí Seattle, ní ìkangun kejì orílẹ̀-èdè náà, àti pé ojú ọ̀nà ni ó fi òru ṣe kí ó tó dé ibi iṣẹ́. N kò sọ pé àìlówó ni ó já ọkọ̀ náà lulẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbànújẹ́ yìí, ní ọdún 2010, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013, pé ẹni tí yóò bá jókòó sí ìdí ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kó èrò gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500, àfi àwọn kan tí a dín in kù fún nítorí irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà. Òfin ààbò ni, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó fẹ́ ààbò, ọ̀dọ́ tí kò tíì rí iṣẹ́ ni a sì ní kí ó wá bí yóò ti kó wákàtí náà jọ.

Níbí gan-an ni mo ti rí àṣìṣe náà. Èrò ọkọ̀ ń jẹ èrè ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ó gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ ń jẹ èrè rẹ̀, nítorí láìsí awakọ̀, irin lásán ni ọkọ̀ rẹ̀. Ìjọba ń jẹ èrè rẹ̀, nítorí ó ń gba owó orí lórí gbogbo rẹ̀. Ẹnu wọn pọ̀ ní ìdí àwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò lọ sí ọjà, ọmọ tíṣà nìkan ni a rí.

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀nà méjì tí ẹni tí kò lówó fi lè fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san gbèsè. Èkíní ni ti ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ rẹ̀ a sì jẹ́ èlé. Ṣùgbọ́n owó tí a yá kò ní dín, títí a ó fi rí i san. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé gbèsè bàbá ni ọmọ ń sìn. Èkejì ni ti ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òun náà ń ṣiṣẹ́ láì gba owó. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń kọjá ni gbèsè rẹ̀ ń dín. Bí ó bá ba nǹkan jẹ́, ti ọ̀gá ni ó bàjẹ́. Ọ̀gá pẹ̀lú ru nínú ẹrù náà. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ọ̀gá a gbàdúrà fún un, a sì dá a sílẹ̀ láti lọ dá dúró. Méjèèjì ni iṣẹ́, méjèèjì ni ìsìn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sọ ènìyàn di ẹrú owó, èkejì ń sọ ọ́ di ọ̀gá.

Ọ̀dọ́ tí ó fi ilé bàbá rẹ̀ dógò kí ó lè kọ́ iṣẹ́ yìí, ìwọ̀fà ni. Ewu rẹ̀ kò sì pin sí ilé tiwọn. Awakọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ lè dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó wí pé, "Ó rẹ̀ mí, n kò yẹ ní ẹni tí ń fò lónìí," tàbí pé, "Ọkọ̀ yìí kò pé, n kò ní gbé e." Ṣé yóò rọrùn fún ẹni tí olówó ń dúró dè ní ìparí oṣù láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ojú ọ̀gá rẹ̀? Àwọn onígboyà yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi gbèsè dán ìgboyà ọmọ ènìyàn wò nígbà tí ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Ọlọ́run kò fi ojú tí ó mú àti ọkàn tí ó balẹ̀ fún ọmọ olówó nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé àpò ni a fi ń yan awakọ̀, a kò yan àwọn tí ó dára jù lọ. A yan àwọn tí ó dára jù nínú àwọn tí ó lówó.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi dá mi lóhùn. Yóò ní, "Ẹni tí yóò gba owó ńlá lọ́la, kí òun fúnra rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ń jò; ṣé owó ìlú ni a ó fi kọ́ ọmọ kan láti fò?" Òtítọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kí a gba búrẹ́dì lẹ́nu ọmọ kéékèèké. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé kí a fi ẹ̀kọ́ náà ta ọ̀dọ́ ní ọrẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a ṣe é bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́: kí ilé-iṣẹ́ tí yóò lò ó san owó náà, kí ó fi ọdún iṣẹ́ tí a dá san án padà, kí gbèsè náà sì máa dín bí ó ti ń sìn.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 2023, British Airways kéde pé òun yóò máa san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní agbára rẹ̀, tí iye wọn lè tó 60 ní ọdún kan, nǹkan bí 100,000 pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye náà kéré sí àwọn tí ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ń jẹ èrè lè ru ẹrù. Ní ilẹ̀ wa, ètò ìdáríjì fún àwọn ọ̀dọ́ Niger Delta, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, rán ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn padà wálé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, wọn kò sì rí iṣẹ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ ìkẹyìn tí mo sọ lókè kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá gbé ènìyàn dé àárín odò tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kò tíì gbé e kọjá.

Nígbà tí ogun dé, ayé mọ ẹni tí ó yẹ kí ó san án. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú ti Ìlú Ọba nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A kọ́ ọ di awakọ̀, ó sì di ọ̀gá nínú wọn. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1945. Oníṣòwò ńlá ni bàbá rẹ̀, síbẹ̀ a kò mú ìwé owó ẹ̀kọ́ tọ̀ ọ́ lọ, nítorí pé ìlú ni ó nílò ọmọ rẹ̀. Níbi tí ìlú sì ti kọ̀, ará lè ṣe é. Bessie Coleman, ọmọbìnrin adúláwọ̀ tí ń tún èékánná ṣe fún àwọn ènìyàn ní Chicago, fẹ́ kọ́ láti fò, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti nítorí pé obìnrin ni. Ó tọ́jú owó, ó kọ́ èdè Faransé, Robert Abbott tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender sì ràn án lọ́wọ́. Ó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1921. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lépa àtidá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ikú tó mú un lọ ní ọdún 1926. Ẹni tí a gbé sókè rántí àwọn tí ó wà nílẹ̀.

Wàyí o, kí ni kí òbí ṣe títí ayé yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe? Olúwa wa sọ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó kí ó ṣírò ohun tí yóò ná an. Kò sọ pé kí ó má ṣe kọ́ ọ. Kò sì sọ pé kí ó máa kọ́ ọ láì ṣírò. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá ta ilé náà, ẹ̀kọ́ tiwọn yóò dúró. Ìrúbọ bàbá dára bí ohun tí ó fi rúbọ bá jẹ́ tirẹ̀; ṣùgbọ́n ìpín ọmọ méjì ni ó fẹ́ fi ra ìyẹ́ fún ẹ̀kẹta. Ta ni ó sì mọ ohun tí àwọn ọmọbìnrin náà lè dà? Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ìwé àṣẹ láti fi wíwa ọkọ̀ òfurufú ṣiṣẹ́, Zaria ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2011, òun náà ni a fi ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Mo gbéra, mo lọ sí ilé bàbá náà. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ fún òwe tí mo pa. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ta ilé, kí wọ́n má sì ṣe fi í dógò. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà má ṣe pa ìpinnu rẹ̀ tì. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí òfin béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, kí ó tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, nítorí pé ojú tàbí ọkàn tí kò pé lè fi òpin sí gbogbo rẹ̀. Kí ó kọ̀wé sí gbogbo ibi tí a ti ń gba ọ̀dọ́ bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí ó sì fi ojú tólẹ̀ ka àdéhùn wọn: bóyá gbèsè náà ń dín bí ó ti ń sìn, tàbí kò dín. Ìjọ wa kò lè san mílíọ̀nù 150 náírà. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ nínú wa ti dá owó àyẹ̀wò ara náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú ju báyìí lọ, n kò sì lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ náà yóò fò.

Ṣùgbọ́n èyí ni mo fẹ́ kí a mọ̀. Bí ọmọ aláìní bá mú ìfẹ́ ńlá tọ̀ wá wá, kí a má ṣe yára wọn ìtẹ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé, àwa tí a ó jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, èwo nínú ẹrù náà ni tiwa? Kí Olúwa fún àwọn òbí ní ọgbọ́n, kí ó fún àwọn alágbára ní ojú àánú, kí ó sì pa gbogbo àwọn tí ń rìnrìn-àjò mọ́, ní ilẹ̀, ní omi àti ní òfurufú. Àmín.